Bí ẹ ṣe lè fi ọgbọ́n Bayes wọn ìbárìn nínú ìwádìí ìlera, kódà bó jẹ́ ènìyàn 28 péré lẹ rí wọ̀n

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti kọjá nígbà tí àbúrò mi obìnrin, nọ́ọ̀sì ní apá Gwagwalada, fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú alẹ́ o. r mi jẹ́ 0.42, p mi jẹ́ 0.026. Ṣé mo ti bọ́ nìyẹn?" Ó ń ṣe másítà lọ́wọ́, ohun tó sì fẹ́ mọ̀ ni bóyá ẹni tí ikùn rẹ̀ bá tóbi náà ni ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ (blood pressure, nọ́ńbà ti òkè) ń ga. Mo bi í pé ènìyàn mélòó ló wọ̀n. Ó ní, "Méjìdínlọ́gbọ̀n ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Owó ọkọ̀ ni."

Kí ló fẹ́ bí mi nínú níbẹ̀? Ènìyàn 28 kò burú. Ohun tó burú ni kéèyàn wọn ènìyàn 28, kó wá máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wọn gbogbo Àbújá. Mo ní kó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sí Kubwa ní Sátidé, ohun tí a jọ ṣe lọ́jọ́ náà ni mo tò síbí. Mo ti pa nọ́ńbà rẹ̀ dà torí iṣẹ́ oníṣẹ́ ni, nítorí náà nọ́ńbà àpẹẹrẹ ni gbogbo èyí tí ẹ máa rí. Ẹ ṣí Excel tàbí kalikulétọ̀ orí fóònù yín, kí ẹ máa bá mi ṣe é bí a ṣe ń lọ.

r tí àbúrò mi sọ yẹn, correlation ni àwọn ìwé ń pè é; p tirẹ̀, a máa dé orí rẹ̀ níwájú. Èmi á máa pè é ní ìbárìn, torí pé bí nǹkan méjì ṣe ń bá ara wọn rìn ló ń wọ̀n. Ó máa ń wà láàárín −1 àti 1. Bó bá jẹ́ 1, ibi tí èkínní bá yà sí ni èkejì ń yà sí, láìyẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ −1, bí èkínní ṣe ń gòkè ni èkejì ń sọ̀kalẹ̀. Bó bá sún mọ́ 0, kálukú ń bá tirẹ̀ lọ. Nínú ọ̀rọ̀ ara ènìyàn, ẹ má máa retí 0.9 láàárín nǹkan méjì tó yàtọ̀ síra. Bí ẹ bá rí i, ẹ yẹ ara yín wò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ nǹkan kan náà lẹ wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ ohun tí ẹ ti mọ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó ṣí fáìlì

Ẹ wo ìkúùkù dúdú kan lójú ọ̀run Àbújá. Bó bá jẹ́ oṣù Kẹjọ, ẹ ó sáré lọ kó aṣọ tí ẹ sá. Bó bá jẹ́ oṣù Kíní, nígbà tí ọyẹ́ ń la èèyàn létè, ẹ ó kàn wò ó, ẹ ó sì máa bá tiyín lọ. Ìkúùkù kan náà ni. Ohun tí ẹ ti mọ̀ nípa oṣù náà ló yàtọ̀. Gbogbo ọgbọ́n Bayes kò ju èyí lọ: èrò tí ẹ ní tẹ́lẹ̀, ẹ̀rí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ gbé méjèèjì lé orí òṣùwọ̀n, kí olúkúlùkù fa èrò yín bó ṣe wúwo tó. Oníwàásù kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Thomas Bayes, ló ronú rẹ̀. Ó kú ní 1761 láìtẹ̀ ẹ́ jáde. Ọdún 1763 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Richard Price ló sì ṣe wàhálà rẹ̀.

Èrò tẹ́lẹ̀ yẹn ni mo ń pè ní èrò ìṣáájú. Prior lẹ máa rí lójú sọ́fítíwià. Kò gbọ́dọ̀ ti inú dátà yín wá. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí: wọ́n á ṣí fáìlì, wọ́n á rí 0.42, wọ́n á wá kọ ọ́ pé "a ti ń rò ó tẹ́lẹ̀ pé á tó 0.4." Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni wọ́n pè wá jẹ́rìí lẹ́ẹ̀mejì yẹn, tí wọ́n wá ka òun nìkan sí ènìyàn méjì.

Mo ní kí àbúrò mi pa kọ̀ǹpútà dé, mo fún un ní bébà àti bírò.

"Ká ní o ò tíì wọn ẹnikẹ́ni, báwo lo rò pé ìbárìn yìí á ṣe tó?"

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ̀ o."

"O mọ̀. Ṣé ó lè jẹ́ 0.9?"

"Háà, rárá. Mo ti rí àwọn bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ tí tiwọn lé ní 180."

"Ṣé ó lè jẹ́ −0.5?"

"Kí ikùn máa tóbi kí ìfúnpá máa wálẹ̀? Kò jọ ọ́."

"Òdo ńkọ́?"

Ó ronú díẹ̀. "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ wọn ti ń lo oògùn."

Ẹ rí i pé ó mọ̀. Àwọn ìwádìí tó ti wà nílẹ̀ náà fi hàn pé ikùn àti ìfúnpá ń bá ara wọn rìn gòkè, ṣùgbọ́n wọn kì í so mọ́ra típẹ́típẹ́. A fẹnu kò sí 0.2 gẹ́gẹ́ bí àárín, a sì fi àyè sílẹ̀ kó lè bọ́ sí bíi −0.19 nísàlẹ̀ tàbí 0.53 lókè. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó kọ déètì sí i. Déètì yẹn ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá ń lọ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ènìyàn nínú ìwádìí, ẹ kúkú fi èrò ìṣáájú yín sínú ìwé tí ẹ máa kó fún wọn, kó má di pé ẹnì kan ń sọ pé ẹ̀yìn lẹ wá kọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ya àwòrán, kí ẹ sì fi ojú sí téèpù

Mi ò tíì dé orí ìṣirò. Ẹ ní sùúrù, torí ibí yìí ni ojú ti tì mí rí.

Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, mo bá ilé ìwòsàn kan ṣe irú iṣẹ́ yìí gan-an. Ìbárìn tó jáde jẹ́ −0.3, ìyẹn ni pé bí ikùn ṣe ń tóbi ni ìfúnpá ń lọ sílẹ̀. Mo jókòó ti nọ́ńbà yìí fún ọjọ́ méjì, mo tilẹ̀ ti kọ ojú ewé kan tó dùn-ún kà nípa bí àwọn olówó tó sanra ṣe ń rí oògùn rà. Ọjọ́ kẹta ni mo tó ya àwòrán: ikùn lórí ìlà ìsàlẹ̀, ìfúnpá lórí ìlà òòró, àmì kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn àmì náà pín sí agbo méjì, àlàfo ńlá sì wà láàárín wọn. Agbo kan wà ní 80 sí 110, èkejì ṣù jọ sí 33 sí 41. Kò sí àgbàlagbà tí ikùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ntímítà 36 láyé yìí.

Téèpù télọ̀ ni wọ́n lò. Ojú kan jẹ́ sẹ̀ntímítà, ojú kejì jẹ́ ínǹṣì. Ẹni tó ti kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán rí láàárín wọn, ojú tó mọ̀ ló ń kà. Ínǹṣì 36 jẹ́ sẹ̀ntímítà 91, kò sí irọ́ nínú ohun tó kọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru ń wá gba oògùn ló máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà àwọn tí ìfúnpá wọn ga jù ni kọ̀ǹpútà mi rí bí ẹni tí ikùn rẹ̀ kéré jù. Mo nu ojú ewé mi dùn-ún-kà nù. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ti ẹlẹ́téèpù: èmi ni mi ò yàwòrán.

Ẹ ya àwòrán, nígbà náà. Ní Excel, ẹ ṣàmì sí kọ́lọ́ọ̀mù méjèèjì, ẹ lọ sí Insert, ẹ mú Scatter. Bí àwọn àmì bá tẹ̀ bí ọrun, tàbí ó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló jìnnà réré sí gbogbo èèyàn tó sì ń fa ìlà mọ́ra, ẹ má tíì tẹ̀síwájú.

Bí ẹ ti ń wò ó, ẹ wo nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn nínú ìfúnpá kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ 120, 130, 140, 150 ló kún inú ìwé, a jẹ́ pé ẹni tó wọ̀n ń fojú díwọ̀n. Ó yẹ kí ẹni tí wọ́n fẹ́ wọ̀n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó fẹ̀yìn ti àga, kí apá rẹ̀ wà ní ìwọ̀n àyà, kó má sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Aṣọ apá (cuff tí wọ́n ń dì mọ́ apá láti fi wọ̀n ọ́n) tó bá kéré fún alápá ńlá máa ń gbé nọ́ńbà sókè ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó ní ikùn ńlá ló sábà máa ń ní apá ńlá. Ẹ rò ó: aṣọ apá kékeré kan ṣoṣo nílé ìwòsàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ dá ìbárìn sílẹ̀.

Ìwọ̀n tí kò dúró sójú kan tún máa ń mú ìbárìn rẹlẹ̀. Ká ní ìdá 0.7 nínú ìyàtọ̀ tí ẹ rí nínú ìfúnpá ló jẹ́ òótọ́, tí ti ikùn sì jẹ́ 0.9. Ẹ sọ 0.7 di ìlọ́po 0.9, ẹ wá root rẹ̀ (square root, SQRT ní Excel), ó jẹ́ 0.79. Ìbárìn tó jẹ́ 0.5 lóòótọ́ á yọ sí yín bíi 0.40. Kò sí ọgbọ́n Bayes tó lè gba ẹni tó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan péré lọ́nà kánjúkánjú.

Oṣù tí ẹ wọ̀n ńkọ́? Òtútù máa ń gbé ìfúnpá sókè. Bí ẹ bá wọn ìdajì ní àárọ̀ ọyẹ́ oṣù Kejìlá, tí ẹ wọn ìdajì nínú ooru oṣù Kẹta, ẹ kọ oṣù sí kọ́lọ́ọ̀mù tirẹ̀. Ẹ ṣe bákan náà fún oògùn: ta ló ń lò ó, ta ni kò lò ó.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ sọ ìbárìn di z

Ìbárìn kò ṣeé rò pọ̀ bó ṣe wà, torí ó há sáàárín −1 àti 1. Bó bá ń sún mọ́ etí ni ààyè rẹ̀ ń dín. Onímọ̀ ìṣirò kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, R. A. Fisher, ló wá òṣùwọ̀n mìíràn, z, tó na etí méjèèjì gbọọrọ. Excel ti ní i nínú. Bí dátà yín bá wà ní ìlà 2 sí 29, ẹ tẹ

=CORREL(A2:A29,B2:B29)

á fún yín ní 0.42. Ẹ wá tẹ =FISHER(0.42), á fún yín ní 0.448. Bí ẹ bá fẹ́ padà sílé, =FISHERINV(0.448) á dá 0.42 yín padà.

Ohun tó dùn nínú z ni pé ìwúwo ẹ̀rí rọrùn láti mọ̀: iye ènìyàn, ẹ yọ 3. Ènìyàn 28, ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 25. Ìfẹ̀ rẹ̀, ìyẹn bó ṣe lè yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì tó, jẹ́ 1 pín sí root 25, tó jẹ́ 0.2.

Èrò ìṣáájú tí a kọ sórí bébà náà ní ìwúwo. Àárín rẹ̀ lórí z jẹ́ 0.2 (nísàlẹ̀ báyìí, r àti z kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀), ìfẹ̀ rẹ̀ tí mo fi rí −0.19 sí 0.53 náà jẹ́ 0.2. Ìwúwo jẹ́ 1 pín sí 0.2 × 0.2: 1 ÷ 0.04, ó jẹ́ 25.

Ibí ni mo ti dá àbúrò mi dúró. "Ṣé o rí i? 25 àti 25. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ wúwo tó apá ènìyàn 28 tí o wọ̀n."

Ó wò mí. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìyẹn kò pọ̀ jù?"

Ìbéèrè tó yẹ kí olúwádìí máa bi ara rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá mọ èrò yín sí iye ènìyàn, ojú á là yín. Ṣé ohun tí ẹ ti kà àti ohun tí ẹ ti rí ní wọ́ọ̀dù tó ohun tí ẹ lè fi rọ́pò ènìyàn 28? Bí kò bá tó, ẹ fẹ̀ ẹ́. Bí ìfẹ̀ bá jẹ́ 0.4, ìwúwo rẹ̀ á já wálẹ̀ sí 6.25, bí ẹni pé ènìyàn mẹ́sàn-án péré lẹ ti wọ̀n rí. A fi tirẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, torí pé ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó ṣí fáìlì, a sì mọ̀ pé a ṣì máa dán òmíràn wò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ pa wọ́n pọ̀

Kò lé ní ìlà mẹ́ta. Ẹ sọ z kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ìwúwo rẹ̀, ẹ rò ó pọ̀, ẹ fi àpapọ̀ ìwúwo pín in:

(25 × 0.448 + 25 × 0.2) ÷ 50 = 0.324

Ìfẹ̀ tuntun: 1 ÷ root 50 = 0.141

Àyè tuntun: 0.324 ± 1.96 × 0.141, ó bọ́ sí 0.047 dé 0.601 (1.96 ni nọ́ńbà tó ń fúnni ní àyè 95 nínú 100)

Ẹ fi FISHERINV dá wọn padà sí ìbárìn: àárín 0.31, láti 0.05 dé 0.54. Bí ẹ bá lo dátà nìkan láìfi èrò ìṣáájú kún un, 0.42 ni àárín, láti 0.06 dé 0.69. Ẹ rí i pé èrò ìṣáájú ti fa òkè wálẹ̀ púpọ̀, ìsàlẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yẹsẹ̀. Ó yẹ bẹ́ẹ̀: ìbárìn ńlá tó ti inú ènìyàn díẹ̀ jáde sábà máa ń ní àbùmọ́ lára.

Ohun tí ẹ wá lè sọ lẹ́nu báyìí ni pé, bí dátà àti èrò ìṣáájú bá ṣeé gbára lé, ìṣeéṣe pé ìbárìn náà wà láàárín 0.05 àti 0.54 jẹ́ 95 nínú 100. Ìyẹn ni gbogbo èèyàn rò pé p ń sọ, p kò sì sọ ọ́ rí. Ohun tí p 0.026 ń sọ ni pé, ká ní kò sí ìbárìn kankan, ìgbà 26 nínú 1,000 ni irú dátà tó jìnnà sí òdo báyìí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ á jáde. Ta ló bi í ní ìbéèrè yẹn?

Ìbéèrè tí dókítà máa bi yín ni pé, ṣé ó tó nǹkan tí èèyàn ń fi ṣe iṣẹ́? Ká ní ẹ̀yin àti ọ̀gá yín ti gbà pé èyí tí kò tó 0.2 kò tó nǹkan. Ẹ tẹ:

=1-NORM.DIST(FISHER(0.2),0.324,0.141,TRUE)

Á fún yín ní nǹkan bí 0.80. Ẹ fi 0 rọ́pò 0.2, á di 0.99. Ẹ fi 0.5 sí i, á já wálẹ̀ sí 5 tàbí 6 nínú 100. Nítorí náà, ó dájú díẹ̀ pé wọ́n ń bá ara wọn rìn. Ó ṣeé ṣe dáadáa pé ó ju 0.2 lọ, kí ẹnikẹ́ni má sì jáde lọ máa pariwo 0.5.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ yí èrò ìṣáájú padà, kí ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀

Ẹ pe alátakò yín wá sínú yàrá. Oníyèméjì á ní, "Èmi ò gbà pé ìbárìn kankan wà," a jẹ́ pé àárín èrò tirẹ̀ jẹ́ 0, ìfẹ̀ 0.2. Ìdáhùn á di 0.22, láti −0.05 dé 0.46, ìṣeéṣe pé ó ju òdo lọ á sì jẹ́ 0.94. Ẹlòmíràn á ní òun kò ní èrò kankan, àárín 0, ìfẹ̀ 1. Ìyẹn á fún yín ní 0.41, láti 0.05 dé 0.67.

Èrò mẹ́ta, àárín mẹ́ta: 0.22, 0.31, 0.41. Àbúrò mi ní, "Ṣé a wá lè mú èyí tó wù wá ni?" Rárá o. Èyí tó wà lórí bébà pẹ̀lú déètì lẹ máa gbé síwájú, ẹ ó sì kọ méjì tó kù sí abẹ́ rẹ̀ kí olùkàwé rí i. Bí ìdáhùn bá ń yí bí èrò ṣe ń yí, ohun tí dátà ń sọ fún yín nìyẹn: ènìyàn 28 kò tíì lè parí àríyànjiyàn yìí. Èmi fẹ́ràn kí ìwádìí sọ bẹ́ẹ̀ ju kó fi ìràwọ̀ kan (àmì * tí wọ́n fi ń sọ pé ó já mọ́ nǹkan) sí ẹ̀gbẹ́ p lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Lẹ́yìn ikùn àti ìfúnpá, ọjọ́ orí ló dúró síbẹ̀. Bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè ni ikùn ń yọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ìfúnpá ń ga. Wọ́n lè máa bá ara wọn rìn torí pé ẹnì kan náà ló di ọwọ́ àwọn méjèèjì mú.

Ká ní ìbárìn ọjọ́ orí pẹ̀lú ikùn jẹ́ 0.5, pẹ̀lú ìfúnpá náà 0.5. Ẹ yọ 0.5 × 0.5 kúrò nínú 0.42, ó ku 0.17. Ẹ fi root ((1 − 0.25) × (1 − 0.25)) pín in, ìyẹn 0.75. Ó ku 0.23. Nǹkan bí ìdajì ìbárìn ti bá ọjọ́ orí lọ. Bí ẹ bá wá ń ṣe ìgbésẹ̀ kẹrin pẹ̀lú 0.23 yìí, ìwúwo dátà á di 24, torí ẹ ti yọ ẹyọ kan sí i fún ọjọ́ orí, èrò ìṣáájú yín náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ nípa ìbárìn lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọjọ́ orí kúrò.

Ọjọ́ orí fúnra rẹ̀ ń fúnni ní wàhálà ní apá Àríwá ọ̀hún. Ìyá àgbà kan á ní ọgọ́ta ọdún ni òun, ó sì ti ń sọ bẹ́ẹ̀ láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Bí ẹ bá rí i tí 40, 50, 60 kún inú ìwé, ẹ máa fi ìṣẹ̀lẹ̀ bi wọ́n léèrè. Ẹni tó gbọ́ Hausa tàbí Gbagyi dáadáa ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó bi wọ́n: ṣé wọ́n ti bí yín nígbà òmìnira ní 1960? Báwo lẹ ṣe tó nígbà tí wọ́n pa Sardauna ní oṣù Kíní 1966? Ọmọ mélòó lẹ ti bí nígbà tí ìjọba kó kúrò ní Èkó wá sí Àbújá ní oṣù Kejìlá 1991? Ìṣẹ́jú méjì ni, ó sì dára ju 60 tí kò yí padà lọ.

Ọ̀nà tí ẹ gbà mú àwọn ènìyàn yín náà wà lára ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà. Bó bá jẹ́ àwọn tó wá gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan lẹ wọ̀n, gbogbo wọn ti wà lókè. Ìyàtọ̀ àárín wọn kéré, ìbárìn á sì kéré ju ti gbogbo ìlú lọ.

Ìgbésẹ̀ keje: bí dátà tuntun bá dé

Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Èrò ìkẹyìn òní ni èrò ìṣáájú ọ̀la. Ká ní ọ̀rẹ́ àbúrò mi kan ní Zaria ti wọn ènìyàn 103 lọ́nà kan náà, tó sì rí 0.25. z rẹ̀ jẹ́ 0.255, ìwúwo 100. Tiwa jẹ́ 0.324, ìwúwo 50:

(50 × 0.324 + 100 × 0.255) ÷ 150 = 0.278

Ìfẹ̀ jẹ́ 0.082. Ìbárìn wá di 0.27, láti 0.12 dé 0.41. Kò sí pé à ń ju ìṣáájú nù, kò sí pé à ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "lọ́nà kan náà" ló gbé gbogbo rẹ̀ dúró. Bó bá jẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ogún ọdún ni ti Zaria, tó jẹ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ni ti Gwagwalada, ẹ má pa wọ́n pọ̀ báyìí, ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n kó bá yín tò ó ní ìpele ìpele.

Kọ̀ǹpútà

Ohun tí a fi ọwọ́ ṣe yìí tó fún nǹkan méjì tí àwòrán wọn dára. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ bọ́tìnnì, sọ́fítíwià kan tó ń jẹ́ JASP jẹ́ ọ̀fẹ́; abẹ́ Regression lẹ ti máa rí Bayesian Correlation. Ẹ mọ̀ pé èrò ìṣáájú tó bá yín gbé síbẹ̀ gba gbogbo ìbárìn láti −1 dé 1 bákan náà, bí ẹni pé 0.95 àti 0.2 jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Ẹ dín ìbú rẹ̀ kù sí 0.5 bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ara ènìyàn. Bí ẹnì kan bá wà nínú dátà tí ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 230 tó sì jẹ́ òótọ́, R (sọ́fítíwià ìṣirò tí a ń kọ àṣẹ fún) àti brms tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ á ràn yín lọ́wọ́, torí ọ̀rọ̀ student tí ẹ máa rí nísàlẹ̀ yìí á jẹ́ kí ẹni náà wà láìfa gbogbo ìlà:

d$x <- as.numeric(scale(d$ikun))
d$y <- as.numeric(scale(d$ifunpa))
m <- brm(bf(mvbind(x, y) ~ 1) + set_rescor(TRUE), data = d, family = student(), prior = prior(lkj(2), class = rescor))

Kí ẹ tó gba ohun tó bá sọ, ẹ wo Rhat, nọ́ńbà tó ń sọ bóyá ìṣirò náà ti fìdí múlẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ ju 1.01 lọ. Ẹ rí i pé iná wà tàbí kí bátìrì kún kí ẹ tó fi brms sórí kọ̀ǹpútà, ohun tó máa ń fà wálẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì kò kéré.

Bí ẹ ṣe máa kọ ọ́

Ohun tí àbúrò mi fi sínú ìwé rẹ̀ nígbẹ̀yìn nìyí: "Nínú ènìyàn 28, ìbárìn ìwọ̀n ikùn àti ìfúnpá òkè jẹ́ 0.31, àyè 95 nínú 100 rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti 0.05 dé 0.54. A ti kọ èrò ìṣáájú wa sílẹ̀ kí a tó ṣí dátà: àárín 0.2 lórí òṣùwọ̀n z, ìfẹ̀ 0.2. Ìṣeéṣe pé ìbárìn ju 0.2 lọ jẹ́ 0.80. Lójú oníyèméjì, ó jẹ́ 0.22, láti −0.05 dé 0.46. Bí a bá yọ ọjọ́ orí kúrò nínú dátà, 0.42 tí a rí níbẹ̀ dín kù sí 0.23."

Ọ̀gá rẹ̀ bi í pé p dà. Ó fi í sí abẹ́ tábìlì, 0.026, ní lẹ́tà kékeré, ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀.

Ó ṣì fẹ́ wọn ogójì ènìyàn sí i lẹ́yìn àjọ̀dún. Mo ti bá a ra téèpù tuntun ní ọjà Kubwa. Mi ò rí èyí tó jẹ́ sẹ̀ntímítà nìkan, nítorí náà mo fi pílásítà funfun lẹ ojú ínǹṣì rẹ̀ pa láti òkè délẹ̀.